Ludwig Bausch ará Leipzig

Ní ọdún 1805 ni a bí Ludwig Bausch ní Naumburg, ní ilẹ̀ Jámánì. Ní Dresden ni ó ti kọ́ iṣẹ́ fáyólìn ṣíṣe, ṣùgbọ́n ọ̀pá onírun ẹṣin tí a fi ń ta fáyólìn ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Leipzig ni ó tẹ̀dó sí. Iṣẹ́ rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fi í wé Tourte, ọ̀gá gbogbo wọn ní Paris. Ó kú ní ọdún 1871.

Ó ṣe wá láàánú pé òkìkí yìí di oúnjẹ ẹlòmíràn. Àwọn oníṣẹ́ ìhà Markneukirchen tẹ orúkọ Bausch sára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pá tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá bá irú rẹ̀ nínú ẹrù bàbá rẹ̀, kí ó má tìtorí orúkọ yọ̀. Kí ó gbé e tọ onímọ̀ lọ, kí onítọ̀hún wo igi rẹ̀ àti bí a ti gbẹ́ orí rẹ̀. Níbẹ̀ ni iye owó rẹ̀ wà. Lójú tiwa, ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí òkú oníṣẹ́ rere ni pé kí a má fi orúkọ rẹ̀ ta iṣẹ́ ẹlòmíràn.