Dókítà Abímbọ́lá Awólíyì, Ìyá Àbíyè Èkó

Kí n tó sọ̀rọ̀ ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan fún yín. Nígbà ìsinmi kan, mo mú ìyá àgbà mi lọ sí ilé ìwòsàn kan nílé wa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní agbègbè Òkìtìpupa. Ọwọ́ ni ó ń dùn ún. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bẹ ẹ̀gẹ́, tí ó ń fún omi rẹ̀, tí ó ń mọ ọ́n ní pupuru, kò sí bí ọwọ́ kò ṣe ní í dun irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí a ti jókòó, obìnrin kan tí ó wọ aṣọ funfun jáde sí wa. Mo dìde, mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo pè é ní nọ́ọ̀sì, mo sì bi í léèrè ìgbà tí dókítà yóò dé. Kò bínú. Ó ní dókítà ti dé, òun gan-an ni. Ìyá àgbà mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí à ń padà lọ sílé, ó rán mi létí pé obìnrin ni agbẹ̀bí tí ó gbẹ̀bí bàbá mi, obìnrin kan náà ni gbogbo àdúgbò ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá tọ̀ lọ. Ó ní kí ni ó wá ya èmi akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu?

N kò rí èsì fọ̀. Ohun tí ó sì dùn mí jù ni pé ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ni mò ń kọ́. Gbogbo wa ní ẹ̀ka yìí ni a mọ̀ pé arọ́pò orúkọ wa kò ya akọ sọ́tọ̀ lára abo. Bí a bá ní ó ń bọ̀, ó lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Oníṣègùn kò lákọ, kò lábo. Dókítà tí a yá wọ èdè wa kò ní in pẹ̀lú. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ obìnrin, a ó sọ pé dókítà obìnrin. Ta ni ó ń sọ pé dókítà ọkùnrin? Bí ó bá sì kan nọ́ọ̀sì, ọkùnrin ni à ń fi kún un. Èdè kọ́ ni ó jẹ̀bi, ọkàn àwa tí à ń sọ ọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtàn obìnrin tí ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà.

Èkó ni wọ́n bí Elizabeth Abímbọ́lá sí ní 1910, nínú ìdílé Akérélé. Ilé ẹ̀kọ́ St. Mary's ti ìjọ Kátólíìkì ni ó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sí Queen's College. Ẹ fi ọkàn sí ọdún wọ̀nyí: 1909 ni ìjọba dá King's College sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin, ó sì di 1927 kí Queen's College tó wà fún àwọn ọmọbìnrin. Ọdún 18 gbáko! Bí ìjọba bá tún pẹ́ sí i díẹ̀, bóyá Abímbọ́lá ti dàgbà ju ẹni tí à ń fi sílé ìwé lọ.

Ní ti iṣẹ́ dókítà, àlàfo náà gùn ju èyí lọ. Kí 1880 tó dé ni Nathaniel King ti gba ìwé ẹ̀rí dókítà, àwọn ọkùnrin mìíràn láti Èkó sì tẹ̀ lé e. Ní 1902, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé ọmọ òyìnbó nìkan ni ó lè wọ ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìdènà méjì ni ó dúró de obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí: àwọ̀ rẹ̀ àti jíjẹ́ tí ó jẹ́ obìnrin. Yunifásítì Ìbàdàn kò sì tí ì sí. 1948 ni ó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, Abímbọ́lá kọjá òkun lọ sí Dublin ní ilẹ̀ Ireland. Ní 1938, ó jáde pẹ̀lú ipò kìíní, ó gba mẹ́dàlì nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì tún ta yọ nínú ìmọ̀ ẹ̀yà ara.

Ó yẹ kí n dúró níhìn-ín díẹ̀, nítorí àwọn kan máa ń sọ pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di dókítà ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agnes Yéwándé Savage ni ó ṣáájú. Edinburgh ni wọ́n bí i sí ní 1906. Dókítà ni Akínwándé Savage bàbá rẹ̀, ọmọ Scotland sì ni ìyá rẹ̀. Ní 1929 ó jáde ní Yunifásítì Edinburgh, ipò kìíní ni òun náà mú. Gold Coast, tí ó di Gánà ní 1957, ni ó ti ṣiṣẹ́. Owó tí ìjọba ń san fún un kò tó ohun tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tọ́ sí. Kò pẹ́ tí ó fi bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ Achimota, níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sì ń kọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni ó bójú tó ìdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Korle Bu. N kò fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì o. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìjọba rí dókítà tí ó mú ipò kìíní, nítorí pé obìnrin ni, àárín àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n rí àyè fún un sí. Ó fẹ̀yìn tì ní 1947, ó padà sí Scotland, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1964.

Ẹnu ọ̀nà tóóró yìí náà ni Abímbọ́lá bá nílé nígbà tí ó dé. Ilé ìwòsàn Massey Street ní Èkó ni ó ti bẹ̀rẹ̀, dókítà kékeré ni, àwọn aboyún àti ọmọdé ni ó sì ń tọ́jú. Ohun tí mo fi gbóríyìn fún un ni pé kò dúró sí ẹnu ọ̀nà. Bí obìnrin àti ọmọ bá ni wọ́n ní kí ó máa tọ́jú, ó kọ́ ọ dé góńgó: ó gba ìwé ẹ̀rí ní ti ìtọ́jú ọmọdé, ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ àwọn àgbà oníṣègùn aboyún àti ìgbẹ̀bí ní ìlú òyìnbó. Ní 1960, òun ni ó di olórí Massey Street níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ ẹ̀yìn, ó sì wà lórí oyè náà títí di 1969. Ní 1962, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di àgbà onímọ̀ nípa aboyún àti ìgbẹ̀bí.

Ó fẹ́ Dókítà S. O. Awólíyì, wọ́n sì bímọ. Ó tún ní oko ọsàn àti ti adìyẹ ní Agbówà, èyí tí ó dùn mọ́ mi nínú láti gbọ́, nítorí obìnrin Yorùbá tí kò ní ohun tí yóò tà ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí wọ́n dá àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1959, Kófowórọlá Adémọ́lá ni ààrẹ àkọ́kọ́. Awólíyì ni ó gba ipò náà ní 1964, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú.

Ọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè M.B.E., Nàìjíríà fún un ní O.F.R., wọ́n sì fi í jẹ Ìyálájé ní Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ń rò jù ni ti Èkó: Ìyá Àbíyè. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ wò: ẹni tí aboyún ń bí lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìyá yè, tí ọmọ náà yè. Àwọn ará Èkó kò pè é ní ohun tí òyìnbó pè é. Wọ́n mú un jókòó sí àárín àwọn agbẹ̀bí tí ìyá àgbà mi ń sọ. Ẹ̀yẹ ńlá ni. Síbẹ̀ ó ń kọ mí lóminú díẹ̀, nítorí n kò tí ì gbọ́ kí wọ́n fi dókítà ọkùnrin jẹ Bàbá Àbíyè, bẹ́ẹ̀ ni àìmọye wọn ń gbẹ̀bí lójoojúmọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì wa ní ìjà ni mò ń wá, pé mo fẹ́ bá oyè jà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Dókítà Awólíyì kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, 1971. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìwòsàn kan ní Erékùṣù Èkó.

Oṣù kan lẹ́yìn àkọ́kọ́, mo tún mú ìyá àgbà padà lọ sọ́dọ̀ dókítà wa. Ọwọ́ ti ń fúyẹ́. Bí a ti wà lórí ìlà, ọkùnrin kan tí ó ti tó àádọ́ta ọdún ń bínú lẹ́yìn wa, ó ní láti àárọ̀ ni nọ́ọ̀sì yìí ti ń wọlé tí ó ń jáde, òun kò sì rí dókítà. Mo la ẹnu láti fèsì, ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi ti yíjú sí i.