Samuel Àjàyí Crowther

Samuel Àjàyí Crowther (a bí i ní nǹkan bí ọdún 1809, ó kú ní ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá, 1891) ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Òṣogùn ni, ìlú kan ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Bíbélì Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ ni bí ó ṣe pẹ́ tó kí ó tó di àlùfáà. Láti ìgbà tí ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827 títí di ìgbà tí a gbé ọwọ́ lé e lórí ní 1843, ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì lo oṣù mélòó kan nínú rẹ̀ láàrin àwọn tí ibà ń pa lórí Odò Ọya.

== Ìgbà èwe ==

Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣogùn. Àjàyí jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá nígbà náà. Wọ́n kó o lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Àfàlá, àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Wọ́n pín wọn níyà, wọ́n sì ń ta ọmọ náà láti ọwọ́ kan dé èkejì; nígbà kan, ẹṣin ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ó dé Èkó níkẹyìn, níbẹ̀ ni àwọn Potogí ti rà á. Ní Oṣù Kẹrin, 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ẹrú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, HMS Myrmidon, mú ọkọ̀ náà kí ó tó lè kọjá sí òkè òkun. Ní Oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró.

Àwọn ajíhìnrere ẹgbẹ́ CMS gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Bathurst. Ó kọ́ ìwé kíkà àti iṣẹ́ káfíńtà pọ̀. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Kejìlá, 1825, ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Samuel Crowther. Ní ọdún kejì wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún oṣù díẹ̀, ó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Islington.

== Fourah Bay ==

Nígbà tí ẹgbẹ́ CMS ṣí ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827, Crowther wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí kò ju ọwọ́ kan àti díẹ̀ lọ. Ọmọ Jámánì kan, C. L. F. Haensel, ni ó ń kọ́ wọn. Ìdí tí a fi dá a sílẹ̀ ni láti kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí yóò máa kọ́ni, tí yóò sì máa wàásù fún àwọn ènìyàn wọn. Ó ṣe olùkọ́ ní àwọn abúlé tí ó yí Freetown ká, lẹ́yìn náà ó padà sí Fourah Bay láti kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ó fẹ́ Asano, obìnrin kan tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú bíi tirẹ̀, tí orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ ń jẹ́ Susan. Olùkọ́ ni òun náà.

Síbẹ̀, olùkọ́ ni ipò tí ó ga jù tí ẹnikẹ́ni ń ronú pé Crowther lè dé. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí a fi jẹ àlùfáà.

== Ibà lórí Odò Ọya ==

Ní 1841 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, gòkè Odò Ọya. Wọ́n fẹ́ bá àwọn ọba etí odò náà dá májẹ̀mú pé wọn kò ní ta ẹrú mọ́, wọ́n sì fẹ́ dá oko àwòkọ́ṣe kan sílẹ̀ ní agbègbè ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ẹgbẹ́ CMS fi ènìyàn méjì kún wọn: James Frederick Schön, àlùfáà ọmọ Jámánì, àti Crowther, olùkọ́.

Ní Oṣù Kẹjọ ni wọ́n wọ odò. Ìgbà tí Oṣù Kẹsàn-án fi bẹ̀rẹ̀, ibà ti bẹ́ sílẹ̀. Àwọn òyìnbó tí ó wà nínú ọkọ̀ tó 145. Ibà dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn dùbúlẹ̀, ó sì pa àwọn tí ó ju 40 lọ kí gbogbo rẹ̀ tó parí. Ọkọ̀ di ilé ìtọ́jú aláìsàn. Wọ́n ní láti dá Soudan àti Wilberforce padà pẹ̀lú àwọn tí ó ń ṣàìsàn. Nígbà tí ó kan Albert, kò sí ẹni tí ó lè wà á mọ́ nínú àwọn tí iṣẹ́ náà jẹ́ tiwọn. Dókítà ọkọ̀ náà, McWilliam, ni ó tukọ̀ sọ̀kalẹ̀ dé òkun. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà nínú ọkọ̀ kò kú bẹ́ẹ̀.

Crowther kì í ṣe àlùfáà nígbà náà, kò sì sí oyè kankan tí a fi ń pe iṣẹ́ wíwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn. Lónìí, àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ àlùfáà máa ń lo àkókò nínú ilé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí apá kan ẹ̀kọ́ wọn, tí wọn yóò máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀, tí wọn yóò sì máa gbàdúrà pẹ̀lú àwọn tí ikú sún mọ́. Ohun tí ó sún mọ́ èyí jù nínú ìgbésí ayé Crowther ni oṣù wọ̀nyẹn lórí omi, níbi tí ó ti ń rí àwọn ọ̀gá tí ó ga jù ú lọ tí a ń sin ní bèbè odò. Òun àti Schön kọ ìwé ìrántí ìrìn àjò náà, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1842.

Schön kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé òyìnbó kò lè ṣe iṣẹ́ ìhìnrere ní ilẹ̀ náà, pé àwọn ọmọ Áfíríkà ni kí a kọ́, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí Crowther. Ibà ni ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

== Islington àti ìgbọ́wọ́lé ==

Wọ́n pè é sí ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ti ẹgbẹ́ CMS ní Islington ní 1842. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì fi ìyàwó àti àwọn ọmọ sílẹ̀ ní Freetown. Ó kọ́ èdè Gíríìkì àti ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. Ọ̀jọ̀gbọ́n Scholefield ti Cambridge, tí ó yẹ ìwé ìdánwò rẹ̀ wò, fẹ́ fi í han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń sọ pé ọpọlọ ènìyàn dúdú kò lè ro ìjiyàn já. Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù, Blomfield, fi í jẹ díákónì ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹfà, 1843, ó sì fi í jẹ àlùfáà ní Oṣù Kẹwàá. Ní Oṣù Kìíní, 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó dé Àgbádárìgì, ó sì wọ Abẹ́òkúta ní Oṣù Kẹjọ, 1846.

Níbẹ̀ ni ó ti tún rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n. Àfàlá ṣe ìrìbọmi ní Oṣù Kejì, 1848, ó sì gba orúkọ Hannah.

== Bíbélì Yorùbá ==

Ìwé Róòmù tí ó túmọ̀ jáde ní 1850. Odindi Bíbélì Yorùbá parí ní 1884. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ṣe é: Thomas King àti àwọn mìíràn bá a ṣiṣẹ́. Ìtumọ̀ náà kọjá ìjọ tirẹ̀. Nígbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1898, ọdún méje lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń lọ síbẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò àti àwọn ìlú àyíká ti ní Bíbélì ní èdè ìyá wọn.

== Bíṣọ́ọ̀bù ==

Ní 1854 Crowther tún gòkè Odò Ọya nínú ọkọ̀ Pleiad pẹ̀lú Dókítà Baikie. Baikie fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kuníìnì lójoojúmọ́, ibà kò sì pa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìdí tí Schön fi sọ pé àwọn ọmọ Áfíríkà nìkan ni ó yẹ iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó hàn.

Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ CMS, ni ó dúró gbọn-in lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹfà, 1864, a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, Yunifásítì Oxford sì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún kan náà. Henry Townsend àti àwọn òyìnbó ajíhìnrere ní ilẹ̀ Yorùbá kò fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà Odò Ọya ni a fi ṣe agbègbè rẹ̀. Ibẹ̀ gbòòrò, èdè ibẹ̀ sì pọ̀ tí kò gbọ́.

Àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ wá láti Sàró. Àwọn kan nínú wọn dára gan-an, bí J. C. Taylor ní Onitsha. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ìgbà ẹ̀kọ́ tí ó tó ìdajì tirẹ̀ kí wọ́n tó rán wọn sí ibùdó tí ó jìnnà, a sì fẹ̀sùn òwò àti ìwà àìtọ́ kan àwọn kan. Venn kú ní 1873. Ní Oṣù Kẹjọ, 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, láìka àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù sí. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. A kò lè sọ pé gbogbo ẹ̀sùn náà ni irọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi í kàn kò tíì lo ìdá kan nínú mẹ́wàá ọdún tí ó ti lò lórí odò náà.

Àrùn kọlù ú ní 1891, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún náà. Ọmọ rẹ̀, Dandeson, àti àwọn ìjọ Delta ya ara wọn kúrò lábẹ́ àkóso ẹgbẹ́ CMS ní 1892. Òyìnbó ni a fi rọ́pò Crowther, Joseph Sidney Hill, tí ó dé Èkó, tí ó sì kú níbẹ̀ ní Oṣù Kìíní, 1894. Ibojì Àjẹ́lẹ̀ ni a kọ́kọ́ sin Crowther sí; lẹ́yìn náà ni a gbé egungun rẹ̀ lọ sí Kátídírà ti Kristi ní Marina.