Dúródọlá, ọmọ tí wọ́n bẹ̀ kó dúró



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wá sílé mi ní Ẹdẹ. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì, àìsàn kò sì fi í sílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ìyá náà ti sin méjì ṣáájú rẹ̀. Ó bi mí bóyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dàgbà. Ìtàn Dúró Ládípọ̀ ni mo sọ fún un.

Òṣogbo tó wà nítòsí wa yìí ni wọ́n ti bí i. Joseph Oní Ládípọ̀, bàbá rẹ̀, àti Dorcas Tówóbọ́lá Àjíkẹ́, ìyá rẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n onílù ni bàbá àgbà rẹ̀, ó ń bọ Ṣàngó àti Ọya, ogun Kírìjì ló lé e dé Òṣogbo. Ọmọ mẹ́sàn-án ló ti kú mọ́ àwọn òbí yìí lọ́wọ́ kí Dúró tó dé. Wọ́n ní bàbá náà, tòun ti ìgbàgbọ́ rẹ̀, tọ babaláwo lọ. Èmi ò bá a wí. Ẹni tó bá ti sin mẹ́sàn-án ló lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ ọ́: Dúródọlá, Dúróṣọmọ, Dúróoríkẹ́. Kó dúró de ọlá, kó dúró ṣe ọmọ, kó dúró rí ìkẹ́. Bí wọ́n bá ń pè é wá jẹun, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Wọn ò sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ lásán, ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ilé ayé kò fẹ́ kó lọ.

Ó dúró. Ó ṣe tíṣà, ó kọrin fún ìjọ. Nígbà tó gbé ìlù wọnú orin Àjíǹde, inú bí àwọn kan níjọ, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ní 1962, eré Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n fi ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo. Ọba Kò So tẹ̀ lé e ní 1963. Níbẹ̀ ni Ẹdẹ ti kàn án: Ṣàngó rán Tìmì wá síbí láti mú un kúrò ní Ọ̀yọ́, nígbà tó yá ó tún rán Gbọ́nkáà wá mú un. (Ó ṣì ń dun àwa ọmọ Ẹdẹ pé Gbọ́nkáà ló borí.) Dúró fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ń ṣe Ọya. Wọ́n gbé eré náà dé Berlin ní 1964, wọ́n dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Ìlù bàbá àgbà rẹ̀ ló gbé lọ yẹn. Oṣù Kẹta 1978 ló tó kú.

Mo ṣe ohun tí Ifá ní ká ṣe fún ẹgbẹ́ ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí tọkọtaya lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, nítorí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ náà wú, ó sì ń ké. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ti ìyá bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Kò sẹ́ni tó lè yẹ irú rẹ̀ wò fún àwọn Ládípọ̀ nígbà tiwọn.

Ọkọ kọ́kọ́ yarí, pé Ifá lòun wá bá, òun ò wá bá dókítà. Mo ní Ifá náà ló ń rán an. Ọjọ́rú ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn méjèèjì, èsì kò tíì jáde bí mo ṣe ń kọ èyí.