William Hewlett: Ẹni Tí Ó Fi Gílóòbù Kékeré Kó Ìgbì Iná Níjàánu

Oníṣòwò tí ń fi kóńgò wọn gàrí mọ̀ pé bí ìdí kóńgò bá wọnú, oníbàárà kò ní í padà wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni mítà tí a fi ń wọn iná mànàmáná rí. Bí kò bá sí ohun tí ó dúró ṣinṣin tí a lè fi dán an wò, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bí ó bá ń purọ́. William Hewlett, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó wá ojútùú sí ìṣòro yìí.

Ọjọ́ 20, oṣù karùn-ún, ọdún 1913 ni a bí i ní ìlú Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Oníṣègùn ni baba rẹ̀, ẹni tí ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí California láti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Stanford. Ní ọdún 1925, nígbà tí William jẹ́ ọmọ ọdún 12, ikú mú baba náà lọ. Ìwé kíkà tún ṣòro fún ọmọ náà gidigidi. Etí ni ó fi ń gba ẹ̀kọ́, tí ó sì ń kó o pamọ́ sórí. Síbẹ̀, ó gba oyè ní Stanford ní 1934, ó sì gba òmíràn ní MIT ní 1936.

Nígbà tí ó padà sí Stanford, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Frederick Terman, ó dojú kọ ẹ̀rọ tí ń dá ìgbì iná sílẹ̀, ìgbì tí ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ geere. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa dá díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ padà sínú ara rẹ̀. Bí èyí bá kéré jù, ìgbì a kú. Bí ó bá pọ̀ jù, ìgbì a ga títí orí àti ìdí rẹ̀ yóò fi gé pẹrẹsẹ. Ìgbì tí ó bàjẹ́ báyìí a sì máa ṣi mítà lọ́nà.

Gílóòbù kékeré ni Hewlett fi kó o níjàánu. Bí ìgbì bá fẹ́ ga jù, okùn inú gílóòbù a gbóná, ìdènà rẹ̀ a pọ̀ sí i, agbára ẹ̀rọ a sì rọlẹ̀. Bí ìgbì bá rẹ̀ sílẹ̀, okùn náà a tutù, agbára a sì padà. Nígbà náà, ẹni tí ń dán mítà wò lè yí bọ́tìnì sí gíga tí ó fẹ́, kí ó sì fi mítà náà wé èyí tí a ti fọkàn tán.

Ní 1939, òun àti David Packard, ọ̀rẹ́ rẹ̀, dá ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard sílẹ̀ nínú gárèèjì kan ní Palo Alto, pẹ̀lú dọ́là 538. Owó ẹyọ ni wọ́n ta sókè láti mọ orúkọ tí yóò ṣíwájú. Dọ́là 54.40 ni wọ́n dá lé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ náà, nígbà tí ti àwọn ẹlòmíràn ju 200 lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé owó náà kò ká iṣẹ́ wọn. Ilé iṣẹ́ Walt Disney ra mẹ́jọ nínú oríṣi tí ó tẹ̀ lé e fún iṣẹ́ fíìmù Fantasia, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà.

Ní 1966, Hewlett àti Flora aya rẹ̀ dá àjọ ìtọrẹ àánú sílẹ̀. Ọjọ́ 12, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2001 ni ó kú, ní ẹni ọdún 87. Ọmọ tí ìwé kíkà ni lára ti fi òṣùwọ̀n tòótọ́ lé ayé lọ́wọ́. Kí òbí tí ọmọ rẹ̀ ń fà sẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ má ṣe tètè sọ ìrètí nù.