Wallace Nutting: Pásítọ̀ Tó Fi Irin Gbígbóná Tẹ Orúkọ Rẹ̀ Sára Àga

Díẹ̀ nínú àwọn tó ń kó àga àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà ni orúkọ wọn dé inú ilé mẹ̀kúnnù bí ti Wallace Nutting. Ó ṣe pásítọ̀, ó ya fọ́tò, ó kọ ìwé, ó ń ra àga tó ti gbó kiri ìlú, nígbà tó sì yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú àwọn àga náà ní tuntun. Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn yìí ló bí ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi bá mi gbé yẹ̀ wò: bí ẹ̀dà bá jọ ojúlówó tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ni yóò gba ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ ẹlẹ́tàn?

A bí Nutting ní ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún 1861, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Bàbá rẹ̀ bá ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà lọ nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré púpọ̀, ìpínlẹ̀ Maine ló sì ti dàgbà. Ó lọ sí Harvard, lẹ́yìn náà ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìwàásù ní Hartford àti New York. Ní 1888 ó gbé Mariet Griswold Caswell níyàwó. Wọn kò bímọ. Ó ṣe pásítọ̀ nínú ìjọ Congregational ní ìlú mélòó kan kí ó tó dé Providence ní Rhode Island. Ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti kọ iṣẹ́ fún un. Ní 1904, nígbà tó di ẹni ọdún 42, ó fi àga ìwàásù sílẹ̀ nítorí àìlera. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ náà kò ní rò pé iṣẹ́ tí aráyé yóò fi mọ̀ ọ́n kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kí ó tó kúrò nínú ìjọ ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ kiri ìgbèríko pẹ̀lú kámẹ́rà kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ọ̀nà eléruku, igi ápù tó yọ òdòdó, odò kékeré lábẹ́ afárá: irú nǹkan wọ̀nyí ló ń yà. Fọ́tò aláwọ̀ kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà, nítorí náà ó gba àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin síṣẹ́ láti máa fi ọwọ́ kun àwọn fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọjà gbóná jù, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún un ní ìlú Framingham tó nǹkan bí 200. Ó ń ya inú ilé pẹ̀lú: obìnrin kan tó wọ aṣọ ayé àtijọ́ yóò jókòó níwájú iná, yóò máa ránṣọ tàbí kí ó máa bu tíì. Àwọn ènìyàn ń rà á bí ẹni ra ẹ̀bùn ìgbéyàwó, wọ́n sì ń fi í kọ́ ara ògiri.

Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nílò ilé àtijọ́, ilé àtijọ́ sì nílò àga àtijọ́. Báyìí ni pásítọ̀ ṣe di olùrà. Láàárín 1914 sí 1916 ó ra ilé ìgbà láéláé márùn-ún ní Massachusetts, Connecticut àti New Hampshire. Ó tún wọn ṣe, ó kó àga àti tábìlì sínú wọn, ó sì ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àwọn àlejò tó ń fi mọ́tò wá wò wọ́n. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dín ìrìn àjò mọ́tò kù, owó kò wọlé mọ́, ó sì tà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ àga ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀.

Oríṣiríṣi àga ló ń rà. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀kan, nítorí òun ló fi ọgbọ́n iṣẹ́ náà hàn jù: àga ẹlẹ́yìn-àkàbà. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òpó méjì ló dúró lẹ́yìn, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún sì dábùú wọn bí ìgbésẹ̀ àkàbà. Koríko irà tí wọ́n lọ́ bí okùn tàbí èèpo igi pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń hun ibi ìjókòó. Kì í ṣe àga ọlọ́lá. Àgbẹ̀ ń jókòó lé e, ìyá àgbà ń jókòó lé e, ọmọdé sì ń gùn ún bí ẹṣin.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ìṣó tó di ẹsẹ̀ àga náà mú. Oníṣẹ́ á gé igi maple tàbí ash, á sì yí òpó rẹ̀ lára ẹ̀rọ nígbà tí igi náà ṣì tútù. Àwọn ọ̀pá ìdábùú tí yóò so òpó pọ̀, á jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa kí ó tó kì wọ́n bọ inú ihò. Nígbà tí òpó tútù bá wá ń gbẹ, á máa sún kì, á sì fún ọ̀pá gbígbẹ náà mọ́ra pinpin. Ìdí nìyẹn tí irú àga bẹ́ẹ̀ fi lè lo 200 ọdún láìyẹ̀.

Ìsúnkì yìí kan náà ló ń tú àṣírí. Igi kì í sún kì bákan náà ní gbogbo ìhà, torí náà òpó tó rí róbótó lọ́jọ́ tí wọ́n yí i yóò ti fẹjú díẹ̀ sí ìhà kan lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Olùrà tó gbọ́n á mú ohun ìwọ̀n dání, á wọn òpó láti ìhà méjì. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá dọ́gba rẹ́gí, kí ó fura. Á tún wo ọ̀pá iwájú, níbi tí gìgísẹ̀ ìran mẹ́rin ti ha á. Á wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀, torí ẹni tó ń fẹ̀yìn tì máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ lọ́nà tirẹ̀. Á béèrè bóyá wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tàbí wọ́n ti fi igi kọdọrọ sí i lábẹ́ kí ó lè máa mì síwá-sẹ́yìn. Ti ìjókòó híhun, kò fi bẹ́ẹ̀ da ẹnikẹ́ni láàmú. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé koríko kò lè pẹ́ tó igi. Ọ̀dà àkọ́kọ́ sì níyì púpọ̀ lójú àwọn olùrà òde òní. Ó ṣeni láàánú pé àwọn olùkójọ ìgbà ayé Nutting fẹ́ràn kí igi máa dán, wọ́n sì ha ọ̀dà tó ti wà lára àga fún ìran mélòó kan dànù.

Nutting kò fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ní 1917 ó gbé ìwé kan jáde lórí àga Windsor, nígbà tó sì di 1921 ó gbé Furniture of the Pilgrim Century jáde, lórí àga, àpótí àti tábìlì àwọn tó kọ́kọ́ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá tẹ̀dó. Ohun tó kó jọ láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí J. P. Morgan kékeré, ọmọ olówó báńkì nì, fi rà á ní àárín àwọn ọdún 1920, tó sì fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Wadsworth Atheneum ní Hartford lọ́rẹ. Hartford ni wọ́n ti bí bàbá Morgan náà.

Mo ní láti sọ èyí, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Ní ọdún wọ̀nyẹn gan-an, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ti Ítálì, Pólándì àti Rọ́ṣíà wọ Amẹ́ríkà. Àga bàbá-ńlá wá di ohun tí àwọn kan fi ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó jẹ́ àlejò. Ayé àtijọ́ inú fọ́tò Nutting mọ́ tónítóní jù: kò sí ẹrú níbẹ̀, kò sí àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́, iṣẹ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ la ẹnikẹ́ni lóòógùn. Àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kò gbọdọ̀ gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Láàárín 1917 sí 1918 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà. Ó ń mú àga tó dára jù lọ nínú èyí tó mọ̀, ó ń wọ̀n ọ́n, ó sì ń jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́: Windsor, àga ẹlẹ́yìn-àkàbà, àti àwọn àga olópòó ńlá tí wọ́n ń fi orúkọ Carver àti Brewster pè, àwọn àgbààgbà Plymouth. Ó ṣe òfin iṣẹ́ mẹ́wàá fún ilé iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹni tí kò tíì gbàgbé Mósè. Iṣẹ́ náà dára, ó sì wọ́n. Fọ́tò ló ń pa owó, àga ló ń ná an.

Bébà kékeré ló kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ àga láti fi hàn pé ọwọ́ òun ló ti jáde. Bébà kì í sì í ṣe ohun tó ṣòro ṣí. Àwọn kan lára àwọn oníṣòwò ṣí i, wọ́n sì ta àga ọdún méjì bí àga igba ọdún. Ẹni tó ti fi ìwé kọ́ aráyé bí a ṣe ń mọ ojúlówó ni wọ́n ń lo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti fi tan àwọn òǹkàwé rẹ̀ jẹ. Kì í ṣe òun nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ṣáájú rẹ̀, àwọn Shaker ti Mount Lebanon ní New York, tí wọ́n ń ta àga ẹlẹ́yìn-àkàbà ní nọ́ńbà 0 sí 7, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sára àga tiwọn nítorí àwọn aláfarawé.

Ní 1922 Nutting ta iṣẹ́ àga náà, orúkọ rẹ̀ sì bá a lọ. Àwọn tó rà á ń fi irin gbígbóná tẹ orúkọ rẹ̀ sára igi ní lẹ́tà tó dà bí ìbuwọ́lùwé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá. Orúkọ rẹ̀ ń bẹ lára àga tí òun kò lè dúró fún. Láìpẹ́ ọdún mélòó kan, ó rà á padà. Láti ìgbà náà, lẹ́tà ńlá tó dúró gbọnin-gbọnin ló fi ń tẹ orúkọ rẹ̀ jó igi. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ yóò fá igi náà, ojú ibi tí ó fá yóò sì sọ̀rọ̀.

Ní 1928 ló gbé ìdìpọ̀ méjì àkọ́kọ́ Furniture Treasury jáde, pẹ̀lú àwòrán bí 5,000. Ìkẹta tẹ̀lé e ní 1933. Ọ̀wọ́n owó ti dé nígbà náà, ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ kì í ra ẹ̀dà àga. Ọjà fọ́tò náà rọ̀. Ó kọ ìtàn ara rẹ̀ ní 1936, ó sì kú ní Framingham ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 1941. Iṣẹ́ àga rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Berea College ní Kentucky lẹ́yìn ikú rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í ti san owó ilé ìwé ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́.

Ní 1969, oníṣẹ́ ọnà kan ní Rhode Island ṣe àga Brewster kan, ó fìyà jẹ ẹ́ títí ó fi dà bí àga ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ó sì jẹ́ kí ó rìn lọ sí ọjà láìní orúkọ lára. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Henry Ford ní Dearborn rà á bí ojúlówó. Ọdún 1977 ni àṣírí tú: irin ìlùhò òde òní ló fi lu ihò tó fara sin. Wọ́n ṣì fi àga náà pamọ́ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́.

Ẹ̀dà tí Nutting ṣe ti di ohun tí àwọn olùkójọ ń wá kiri báyìí. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan lọ́jà, wọn kì í jókòó lé e. Wọ́n á kọ́kọ́ dojú rẹ̀ dé, wọ́n á wá orúkọ náà, wọ́n á sì wò ó bóyá lẹ́tà ńlá ni tàbí lẹ́tà ìbuwọ́lùwé, torí owó méjèèjì kì í dọ́gba.