W.E.B. Du Bois: Ẹni Tó Fi Àwọ̀ Jà fún Èèyàn Dúdú

Ẹni tá a fẹ́ mọ̀ lọ́sẹ̀ yìí ni W.E.B. Du Bois.

Ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1868 ni wọ́n bí i ní Great Barrington, ní Amẹ́ríkà, ọdún 2 péré lẹ́yìn tí oko ẹrú dópin níbẹ̀. Lọ́dún 1895, ó di èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard.

Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ òyìnbó ń sọ pé èèyàn dúdú ò lè tẹ̀ síwájú láéláé. Du Bois bá lọ kó iye jọ láti fi dá wọn lóhùn. Lọ́dún 1900, wọ́n ṣe àfihàn ńlá kan ní Paris, gbogbo ayé ló wá. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Atlanta fi ọwọ́ ya nǹkan bí 60 chart lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń kọjá lọ ò ní dúró pẹ́, torí náà, ó gbọ́dọ̀ yé e wéré.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan, èyí tó sọ bí ìdílé 150 ní Atlanta ṣe ń náwó. Dúdú ni owó ilé, elésè àlùkò ni oúnjẹ, píǹkì ni aṣọ, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni owó orí, àwọ̀ eérú ni ìyókù. Nǹkan 5, àwọ̀ 5, kò sí méjì tó jọra. Àwọ̀ kan náà ló ń tọ́ka sí nǹkan kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tún kọ iye sára wọn. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ góòlù.

Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ NAACP sílẹ̀ lọ́dún 1909. Lọ́dún 1961, Kwame Nkrumah pè é wá sí Gánà. Akirá ló kú sí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, lẹ́ni ọdún 95. Ibẹ̀ ni sàréè rẹ̀ wà, ní ìlú tó wà lẹ́bàá òkun kan náà tó kọjá ní Àgbádárìgì wa.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ rèé. Ní táàmù tó kọjá, èmi ni mo ya chart ìlú tí kálukú wa ti ń wá. Búlúù ni mo fi kun Ìwòrò, búlúù míì ni mo fi kun Ajido. Ẹni tó dúró lẹ́yìn ò mọ ìyàtọ̀, àwọn ará Ajido bá sọnù síbẹ̀! Àwọn kan tún wà tí ojú wọn kì í ya pupa sọ́tọ̀ lára àwọ̀ ewé.

Torí náà, ẹ mú àwọ̀ díẹ̀, kí ọ̀kan ṣókùnkùn, kí ìkejì mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ sí i. Ẹni tá a kà yẹ kó hàn.