Leslie Groves

Leslie Richard Groves (17 Oṣù Kẹjọ 1896 – 13 Oṣù Keje 1970) jẹ́ ọ̀gágun àti onímọ̀ ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ ológun orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ó darí Iṣẹ́ Manhattan, ètò ìkọ̀kọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe bọ́ǹbù átọ̀mù àkọ́kọ́ ní àgbáyé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ ni wọ́n dá Oak Ridge, Hanford àti Los Alamos sílẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Ìlú Albany ní Ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n bí Groves sí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà ìjọ Presbyterian tí ó di àlùfáà àwọn ọmọ ogun, nítorí náà láti bárékè kan sí òmíràn ni ọmọ náà ti dàgbà. Ó kàwé ní Yunifásítì Washington àti MIT kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ológun ní West Point ní 1916. Ó jáde ní 1918 pẹ̀lú ipò kẹrin nínú kíláàsì rẹ̀, ó sì wọ ẹ̀ka àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ní 1922 ó gbé Grace Wilson níyàwó. Ọmọ méjì ni wọ́n bí.

Nígbà tí ilẹ̀ ríri ba Managua, olú ìlú Nikarágúà, jẹ́ ní 1931, Groves wà lára àwọn tí ó tún ètò omi ìlú náà ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó bójú tó kíkọ́ Pentagon, èyí tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án 1941.

Iṣẹ́ Manhattan

Ní Oṣù Kẹsàn-án 1942 ni wọ́n fi Groves ṣe olórí Iṣẹ́ Manhattan. Ojú ogun ni ó ti ń retí pé wọn yóò rán òun lọ, inú rẹ̀ kò sì kọ́kọ́ dùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, igbákejì rẹ̀, Kenneth Nichols, ra òkúta yuraníọ̀mù tí ó lé ní 1,000 tọ́ọ̀nù. Ibi ìwakùsà Shinkolobwe ní Kóńgò, tí Bẹ́ljíọ̀mù ń ṣàkóso nígbà náà, ni òkúta náà ti wá.

Oak Ridge, ní Tennessee, ni wọ́n ti ń ya irú yuraníọ̀mù tí bọ́ǹbù nílò sọ́tọ̀. Nítorí pé bàbà wọ́n lásìkò ogun, fàdákà ni wọ́n yá láti inú ìṣúra ìjọba fún ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì ibẹ̀; ìwọ̀n rẹ̀ ju 14,000 tọ́ọ̀nù lọ. Fún Los Alamos, Groves yan J. Robert Oppenheimer, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò fura sí i nítorí àwọn kọ́múníìsì tí ó bá rìn.

Hanford

Etí odò Columbia ní Ìpínlẹ̀ Washington ni wọ́n yàn fún Hanford, nítorí omi tútù púpọ̀, iná mànàmáná láti ìdídò Grand Coulee, àti nítorí pé ènìyàn kò pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀ náà ní onílé. Ní 1943 ìjọba lé àwọn àgbẹ̀ Hanford àti White Bluffs kúrò, àwọn ọmọ Wanapum tí ń pẹja níbẹ̀ láti ayé àwọn baba wọn sì pàdánù ilẹ̀ wọn.

Ilé iṣẹ́ DuPont ni ó kọ́ ọ. Nínú ríákítọ̀ ni wọ́n ti ń sọ díẹ̀ nínú yuraníọ̀mù di plutóníọ̀mù, wọn a sì fi ásíìdì yà á jáde. Ríákítọ̀ B bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kẹsàn-án 1944. Òfin Groves ni pé kí oníkálukú mọ ìwọ̀nba ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè. Ọ̀pọ̀ jù lọ òṣìṣẹ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú sì yàtọ̀ sí ti àwọn aláwọ̀ funfun.

Lílo bọ́ǹbù náà

Wọ́n dán bọ́ǹbù àkọ́kọ́ wò ní New Mexico ní 16 Oṣù Keje 1945. Bọ́ǹbù yuraníọ̀mù bọ́ sí Hiroshima ní 6 Oṣù Kẹjọ. Ti plutóníọ̀mù láti Hanford bọ́ sí Nagasaki ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó kú. Groves ti fẹ́ kí Kyoto wà lára àwọn ìlú tí wọn yóò jù ú sí, ṣùgbọ́n Henry Stimson, mínísítà ọ̀rọ̀ ogun, kọ̀ jálẹ̀. Lẹ́yìn ogun, Groves fojú kéré ìyà tí ìtànṣán olóró fi jẹ àwọn ènìyàn níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ìgbẹ̀yìn ayé àti ogún rẹ̀

Ní 1 Oṣù Kìíní 1947 àjọ tí kì í ṣe ti ológun gba àwọn ilé iṣẹ́ náà. Groves fẹ̀yìn tì ní 1948, ó ṣiṣẹ́ ní Remington Rand, ó sì tẹ ìwé ìrántí rẹ̀ jáde ní 1962. Àìsàn ọkàn ni ó pa á ní Washington, D.C.; Arlington ni wọ́n sin ín sí.

Hanford ń ṣe plutóníọ̀mù títí di ọdún 1987. Iṣẹ́ ìmọ́tótó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1989, kò sì tíì parí, nítorí táńkì 177 ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún omi ìdọ̀tí olóró, díẹ̀ nínú wọn sì ti jò. Láti 2015, Ríákítọ̀ B jẹ́ apá kan ọgbà ìrántí orílẹ̀-èdè tí ó wà fún Iṣẹ́ Manhattan.